Ẹfúnwùmí Aláró àti Ọnà Tí Kò Lórúkọ

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbọ́. Kí ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ gbé e sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹni tó ń tòògbé fi omi bọ́jú, nítorí ìtàn tí mo gbé wá lónìí ní odò kan nínú tó dúdú bí ojú ọ̀run tó ṣú fún òjò, ó ní iwin tí etí rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ, ó ní igbó tí àwọn igi rẹ̀ kò ní ewé kankan bí kò ṣe ìyẹ́, ó sì ní obìnrin kan tí owú gbé rìn dé ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í dé. Mo ka ìwé parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé èyí kò sí nínú ìwé kankan. Ẹnu ìyá ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ, òun náà sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ṣáájú rẹ̀ nínú ilé Aláró, ní ìlú Òkè-Èlú, níbi tí omi aró ti máa ń ṣàn gba ẹ̀yìnkùlé kọjá láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Obìnrin tí mò ń sọ náà ni Ẹfúnwùmí, adúmáadán, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, ìyálé ilé Aláró, ẹni tí aró ti pa lọ́wọ́ dúdú dé ìgúnpá. Iṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Yóò ti ìyẹ́ adìẹ bọ inú ẹ̀kọ gbígbóná, yóò fi fa ìlà sórí aṣọ funfun, yóò sá a sí oòrùn kí ó gbẹ, lẹ́yìn náà ni yóò rì í sínú ìkòkò aró. Gbogbo ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kì í wọ ibẹ̀; bí wọ́n bá wá họ ẹ̀kọ náà kúrò, ohun tí wọ́n yà yóò jáde ní funfun láàárín dúdú, bí ìràwọ̀. Ìlà Ẹfúnwùmí gún, ẹ̀kọ rẹ̀ kì í ṣàn, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Síbẹ̀, nínú ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ya aṣọ, kò sí ọnà kan ṣoṣo tí wọ́n fi orúkọ tirẹ̀ mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ní Òkè-Èlú, ẹni tó ya aṣọ kọ́ ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Bí ọnà tuntun bá dé, wọn a tẹ́ ẹ sílẹ̀ láàárín ọjà, àwọn obìnrin a pagbo yí i ká, olórí àwọn aláṣọ a sì bi wọ́n pé, “Kí ló jọ?” Ohun tí wọ́n bá sọ pé ó jọ ni orúkọ rẹ̀, orúkọ yẹn ni yóò sì máa jẹ́ títí ayé, tòun ti orúkọ ẹni tó yà á. Bí ẹnikẹ́ni kò bá rí ohun tó jọ, wọn a ká aṣọ náà, ẹni tó yà á a gbé e lọ sílé. Àwọn ọnà tí Ẹfúnwùmí ń yà ti lórúkọ kí wọ́n tó bí i. Ó ń ya ọnà ìyá ọkọ rẹ̀, ó ń ya ọnà ìyá ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì ń wo ọjọ́ tí wọn yóò sin òun tí orúkọ òun yóò bá òun wọlẹ̀ bí omi ìfọṣọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà tí ọkọ rẹ̀ fi fẹ́ Ìbídùn lé e. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ, ẹni tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ro ẹ̀kọ kí ó má dì. Ẹfúnwùmí ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mú ìyẹ́ lọ́wọ́. Kò pé ọdún kan, ọmọ náà tẹ́ aṣọ rẹ̀ sọ́jà, àwọn obìnrin pariwo pé, “Ìgbì Odò!” Ọdún kejì, wọ́n pe tuntun tó yà ní Ebè Iṣu. Ọdún kẹta, Òjò Ń Bọ̀. Owú wá wọ Ẹfúnwùmí lára bí àrùn. Ó ń ka iye ènìyàn tó ń kí Ìbídùn lójú ọ̀nà odò. Bí ọkọ wọn bá ní ọbẹ̀ dùn, yóò kọ́kọ́ bi í pé ọbẹ̀ ta ni. Lọ́jọ́ kan, ó yọ́ lọ bu omi sínú ẹ̀kọ Ìbídùn kí ìlà rẹ̀ lè ṣàn, kí aṣọ náà bàjẹ́. Ìlà ṣàn lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n tẹ́ aṣọ náà, àwọn obìnrin ní, “Ìkùukùu Àárọ̀ nìyí,” wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ohun tó ń dun òjòwú kì í ṣe pé ẹlòmíràn ní, bí kò ṣe pé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ tún ń bu kún un.

Nígbà tí Ẹfúnwùmí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó bi Ìbídùn léèrè. “Ìyàwó, níbo gan-an lo ti ń rí gbogbo ọnà wọ̀nyí?”

Ìbídùn rẹ́rìn-ín, ó dojú bolẹ̀. “Inú ilé yìí náà ni, Ìyálé mi. Ṣé ẹ̀yin ò rí i ni?”

“Èmi lo wá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́?”

“Ó tì o, mi ò jẹ́ dán an wò.”

Ẹfúnwùmí kò gbà. Ó dá a lójú pé ìyàwó ń lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àràbarà. Gbogbo aláró ló mọ̀ láti kékeré pé ọ̀dọ̀ iwin obìnrin yìí ni gbogbo ọnà ayé wà, ní ìkangun ibi tí omi aró tí wọ́n ń dànù ń ṣàn lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó di gààrì àti epo sínú igbá, ó sọ pé òun ń lọ kí àwọn ará ilé bàbá òun, ó sì tẹ̀lé gọ́tà aró ẹ̀yìnkùlé wọn.

Gọ́tà náà di ojú àgbàrá, ojú àgbàrá di ìṣàn, ìṣàn di Odò Aró, odò ńlá tí ẹja inú rẹ̀ dúdú, tí òkúta etí rẹ̀ dúdú, tí òjìji ẹni tó bá yọjú sí i a máa funfun bí ẹfun. Níbẹ̀ ni iwin kan, Elétí-bí-àtẹ, ti ń tukọ̀. Etí iwin náà bò ó léjìká bí aṣọ òtútù.

“N kì í gba owó,” ni iwin náà wí. “Ohùn ni mò ń jẹ. Fún mi ní ohùn kan tó jẹ́ tìrẹ, tí ìwọ fúnra rẹ kò kà sí.”

Ẹfúnwùmí ronú kan orin tó máa ń kùn nídìí ọlọ bó bá ń lọ ata láàárọ̀, orin tí kò ní ìtumọ̀, tó kàn ń bá ọmọ ọlọ lọ síwá sẹ́yìn. “Orin ìdí ọlọ lásán ni mo ní.”

“Mú un wá bẹ́ẹ̀.” Iwin náà fa orin náà yọ ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bí ẹni fa ìgbín yọ nínú ìkarahun, ó gbé e mì, ó ń jó títí wọ́n fi gúnlẹ̀.

Lẹ́yìn odò náà ni igbó ìyẹ́ wà. Ìyẹ́ funfun, ìyẹ́ pupa, ìyẹ́ tó ń dán bí ọrùn àdàbà ló bo ẹ̀ka igi, afẹ́fẹ́ a sì máa fi wọ́n kọ nǹkan sójú sánmà, a tún máa pa á rẹ́. Ẹnubodè igbó náà ni Olójú-Ọ̀ọ́dúnrún ń ṣọ́, ojú ló bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Òun bèèrè ohun tí Ẹfúnwùmí máa ń rí lójoojúmọ́ tí kì í wò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹfúnwùmí fún un ní ojú ìgbálẹ̀, ìyẹn ipa tí ọwọ̀ rẹ̀ máa ń fi sílẹ̀ nínú iyanrìn àgbàlá bó bá ti gbálẹ̀ tán. Ojú kan lára iwin náà pa dé mọ́ ojú ìgbálẹ̀ náà bí ọmọrí ìkòkò, ojú ìgbálẹ̀ náà sì di àwátì.

Ẹfúnwùmí wá dé ilé Ìyá Àràbarà. Ògiri ilé náà ń mí bí ẹni tó sùn. Awọ ara ìyá náà fúnra rẹ̀ ń yí padà bó ti ń sọ̀rọ̀: bó bá rẹ́rìn-ín, ó di àmì wẹ́wẹ́ ara ẹtù, bó bá dákẹ́, ó di ìpẹ́ ẹja. Òun kò bèèrè ju òòyà igi tó wà lórí Ẹfúnwùmí lọ, òòyà ìyá rẹ̀ tó fi ń ya irun, tí eyín rẹ̀ méjì ti kán. Ẹfúnwùmí yọ ọ́ fún un.

“Mo fẹ́ rí ibi tí Ìbídùn ti ń kó ọnà,” ni ó wí.

Ìyá Àràbarà mú un dé iwájú ògiri kan. Ìgbì Odò wà níbẹ̀, ó ń ṣàn. “Sún mọ́ ọn. Wò ó dáadáa.” Ẹfúnwùmí sún mọ́ ọn, ìgbì náà sì di ọwọ́ tó ń lọ ata, síwá sẹ́yìn, síwá sẹ́yìn. Ọwọ́ náà ní àpá iná lẹ́yìn àtàǹpàkò. Ẹfúnwùmí wo ọwọ́ tirẹ̀. Àpá náà wà níbẹ̀.

“Orin rẹ ló gbọ́ tó fi ya ìyẹn,” ni Ìyá Àràbarà wí. “Ebè Iṣu yìí, ojú ìgbálẹ̀ rẹ ni. Òjò Ń Bọ̀, eyín òòyà rẹ nínú irun rẹ ni, níbi tí o ti jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà kò dé ọ̀dọ̀ mi rí. Ìwọ ló ń wò.”

Ẹfúnwùmí fọwọ́ kan ògiri náà.

“Mo lè dá nǹkan rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà fún ọ, kí o sì lọ lọ́wọ́ òfìfo. Tàbí kí o fi wọ́n sílẹ̀, kí n fún ọ ní ọnà kan tí ojú ènìyàn kò rí rí. Mú ọ̀kan.”

“Bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀, kí ni Ìbídùn yóò máa yà?”

“Aṣọ funfun ni yóò máa wò.”

Ǹ bá fẹ́ láti sọ fún yín pé ó ronú pìwà dà níbẹ̀. Kò ronú pìwà dà. Owú ti di ọkọ̀ tó wọ̀, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. “Fún mi ní ọnà tó ga jù lọ nínú ilé yìí,” ni ó wí. Ìyá Àràbarà sì fún un ní ìyẹ́ kan tí kò ti ara ẹyẹ kankan wá.

Oṣù mẹ́ta ti kọjá nígbà tó padà délé. Ó bá Ìbídùn nídìí aṣọ funfun, ẹ̀kọ ti dì nínú igbá rẹ̀. Ìbídùn fò dìde, ó kúnlẹ̀. “Ìyálé mi, ẹ káàbọ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, ilé dákẹ́. Mi ò rí nǹkan kan yà.” Inú Ẹfúnwùmí dùn dé egungun. Ó mú ìyẹ́ rẹ̀, ìyẹ́ náà sì ń fa ọwọ́ rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ ọjà pé, ó tẹ́ aṣọ.

Gbogbo ọjà pagbo yí i ká. Àwọn ìlà náà ń wé mọ́ra, wọ́n ń tú, wọ́n ń jinlẹ̀ sínú aṣọ bí ẹni pé kò nísàlẹ̀.

“Kí ló jọ?” ni olórí àwọn aláṣọ bèèrè.

“Ó dára o,” ni ẹnìkan wí.

“Mo gbọ́. Kí ló jọ?”

“Ó jọ... Ẹ̀yin, kí ló jọ ná?”

“Èmi ò mọ nǹkan tó jọ o. Ó ń kọ̀ mí lójú ni.”

Ìyá ọlọ́mọ kan yí orí padà. “Ó dára lóòótọ́. Àmọ́ mi ò lè fi pọn ọmọ.”

Wọ́n dúró títí òjìji wọn fi gùn. Kò sí ẹni tó rí i sọ. Olórí àwọn aláṣọ tẹrí ba, ó ká aṣọ náà jẹ́jẹ́, ó sì gbé e lé Ẹfúnwùmí lọ́wọ́.

Ó dé ilé, ó jókòó sídìí ọlọ, ó ń lọ ata. Ẹnu rẹ̀ ń mì, orin kò jáde. Ìbídùn wá jókòó tì í. “Ìyálé mi, orin yín dà?”

Ẹfúnwùmí bá sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́, títí dé omi tó bù sínú ẹ̀kọ. “Ǹ bá ti gbà wọ́n padà. Mi ò gbà wọ́n. Kí ìwọ má bàa rí nǹkan yà ni.”

“Èmi náà jẹ̀bi,” ni Ìbídùn wí. “Ẹ bi mí lọ́jọ́ yẹn, mo kàn ń rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá bi mí lọ́jà, mi ò dárúkọ yín rí. Mo fẹ́ kí wọ́n rò pé orí mi ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá.”

Ló bá mú ọwọ̀, ó gbá iyanrìn àgbàlá gẹ́gẹ́ bí Ẹfúnwùmí ti máa ń gbá a, pẹ̀lú ìtẹ̀kọrọ̀ kékeré tí ọwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣe níbi gbòǹgbò igi ọsàn tó wà láàárín àgbàlá. Ó wá gbé ẹ̀kọ kaná. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ya aṣọ kan, kò sì jẹ́ kí ìyálé rẹ̀ yọjú sí i. Bó ti ń yà á, ó ń kun orin ìdí ọlọ tó máa ń gbọ́ láti ìdí ògiri.

Nígbà tí wọ́n tẹ́ aṣọ náà sọ́jà, ojú ìgbálẹ̀ ló yí i ká, òòyà tí eyín rẹ̀ méjì kán wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọwọ́ méjì sì wà láàárín lórí ọlọ, tòun ti àpá lẹ́yìn àtàǹpàkò. Olórí àwọn aláṣọ kò tíì lanu tó fi gbọ́ ọ lẹ́nu gbogbo wọn: “Ọwọ́ Ìyálé!”

“Ìyálé wo?” ni ó bèèrè.

“Ta ni kò mọ ọwọ́ yìí? Ẹfúnwùmí ilé Aláró ni.”

Ìbídùn wá sọ fún wọn, lójú gbogbo ọjà, ibi tí Ìgbì Odò ti wá, àti Ebè Iṣu, àti Òjò Ń Bọ̀, àti ẹni tó bu omi sí ẹ̀kọ tí Ìkùukùu Àárọ̀ fi jáde. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹfúnwùmí dúró láàárín wọn, ó ń wo aṣọ náà, kò sì mọ ìgbà tí ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nínú ọ̀fun rẹ̀, síwá sẹ́yìn, síwá sẹ́yìn. Iwin kọ́ ló dá orin náà padà. Ẹni tó ti ń gbọ́ ọ láti ìdí ògiri ló dá a padà.

Aṣọ náà wà nínú àpótí mi. Ẹ má rò pé ọmọ Ìbídùn ẹlẹ́bùn ni mí. Ẹfúnwùmí òjòwú ló bí ìyá tó bí ìyá ìyá mi, mo sì ń fi í yangàn. Wọ́n ní owú rẹ̀ kò tán pátápátá. Bó ti ń darúgbó, bí wọ́n bá tẹ́ Ọwọ́ Ìyálé síwájú rẹ̀, yóò wò ó pẹ́, yóò ní, “Ó yà á dáadáa. Àmọ́ ó ya àtàǹpàkò yẹn sanra jù.”

Nítorí náà, ẹ̀yin olùgbọ́ mi, bí iṣẹ́ ẹlòmíràn bá ń dùn yín lọ́kàn, ẹ má tíì wá ọ̀nà odò kankan. Ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa bóyá ọwọ́ yín wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ayé sì ń yìn, ẹ dárúkọ ẹni tí ẹ ń wò. Ohun tí ilé Aláró fi lé mi lọ́wọ́ nìyí, mo sì ti fi lé yín lọ́wọ́ bí mo ti gbà á. Ẹ dìde, kí ẹni tó gbé iṣẹ́ sílẹ̀ padà sídìí rẹ̀, bí orin kan bá sì ń bẹ lẹ́nu yín, ẹ kùn ún sókè kí ẹni ìdí ògiri lè gbọ́.