Òkété Mú Ìgbín Sáré Ìje

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi ta pọ́ún, ó ta gìjà, orí Òkété ọ̀kánjúwà ló balẹ̀ sí.

Ní ìgbà kan rí, ìkórè dára. Òjò lọ, ọyẹ́ dé. Ẹfọ̀n, olórí àwọn ẹranko, pe gbogbo wọn síta wá ṣeré. Wọ́n ṣe bojúbojú, wọ́n fa okùn. Ó wá ku eré ìje eléjì-eléjì: wọ́n á so ẹsẹ̀ ẹnì kan mọ́ ti ẹnì kejì, àwọn méjèèjì á jọ máa sáré.

Ẹfọ̀n ní, "Àwọn tó bá borí ló ni ìkòkò ẹ̀bẹ oníyọ̀ yìí. Okùn ò ní kúrò lẹ́sẹ̀ yín títí ẹ ó fi jẹ ẹ́ tán. Àgbà ni yóò kọ́kọ́ bù ú. Ẹni tó bá já okùn, kò jẹ."

Òkété àti Ọ̀yà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń fi eré yìí dánra wò tipẹ́. Ṣùgbọ́n Òkété wo ìkòkò, ó wo ikùn Ọ̀yà. Ó ní, "Wá ẹlòmíràn." Ló bá gba ọ̀dọ̀ Ìgbín lọ, nítorí ó mọ̀ pé Ìgbín kì í fẹnu kan iyọ̀.

"Bàbá Ìgbín, ẹ jẹ́ ká jọ sáré."

"Èmi kẹ̀? Kò sẹ́ni tó pè mí ṣeré rí o!" Omijé ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú bàbá.

Wọ́n so wọ́n pọ̀. Òkété ki eré mọ́lẹ̀, ó ń wọ́ Ìgbín kiri, ìkarahun ń gbá òkúta, gbì, gbì, gbì!

"Rọra, ọmọ mi!"

"Ẹ dákẹ́! Ẹrù kì í sọ̀rọ̀! Torí pé ẹ ò lè jẹyọ̀ ni mo ṣe mú yín. Èmi nìkan ni n ó jẹ ẹ́!"

Ìgbín fa orí wọlé. Òkété sì borí.

Wọ́n gbé ìkòkò dé. Itọ́ ń dà lẹ́nu Òkété. Ẹfọ̀n ní, "Ó yá, àgbà, ẹ bù ú."

Ìgbín ò yọjú. Òkété kan ìkarahun, kó kó kó! "Bàbá mi, bàbá oníwà pẹ̀lẹ́, ẹ ṣáà jáde!"

Ohùn kan wá láti inú lọ́hùn-ún: "Ọyẹ́ ti mú, ọmọ mi. Mo ti tilẹ̀kùn. Ó di òjò."

Ẹ̀rín pa gbogbo ẹranko. Òkété jókòó ti ìkòkò. Òórùn ẹ̀bẹ ń fẹ́ sí i nímú, ikùn rẹ̀ ń kùn. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó fi eyín gé okùn kó má baà dúró de àgbà mọ́, ó bẹ́ mọ́ ìkòkò.

"Ó ti já a!" ni wọ́n pariwo.

Ẹfọ̀n gba ìkòkò, ó gbé e fún Ọ̀yà àti Ehoro tí wọ́n jọ sáré, tí wọ́n ṣe ìkejì. Ọ̀yà bù ú, ó lá ọwọ́, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú. "Ọ̀rẹ́, ṣé òórùn rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ?"

Ìtìjú gbé Òkété wọ ihò lọ. Títí dòní, kì í fẹ́ yọjú lọ́sàn-án.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá torí àtijẹ ìpín ẹlòmíràn mú un lẹ́gbẹ́, ebi ni wọn yóò jọ pín. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́? Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn náà, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.