Òrí tí Ìyá Àwẹ̀ró Pò

Ohun tó mú irun aládùúgbò dán lè ba tiwa jẹ́. Òun ló dífá fún Àwẹ̀ró, ọmọ onídìrí ìlú Ìlodò, nígbà tó ń fi omi ojú sògbérè irun orí rẹ̀.

Onídìrí tí kò lẹ́gbẹ́ ni ìyá Àwẹ̀ró. Nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́, ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń ríran. Bí Àwẹ̀ró bá ti ilé ọkọ wá kí i, ìyá kò ní dáhùn títí yóò fi ti ọwọ́ bọ irun ọmọ náà. Irun ọ̀hún kún, ó sì rọ̀ bí òwú. Ìyá á ní, "Àwẹ̀ró mi ló dé." Ìgbà náà ni yóò tó rẹ́rìn-ín.

Àwẹ̀ró bímọ. Ọmọ náà kò dúró. Kò pẹ́ sí i ni irun bẹ̀rẹ̀ sí í já. Bó bá fi òòyà kàn án, ìdì kan á bá òòyà lọ. Ìyáálé rẹ̀ fún un ní àdín. Ó fi ra orí, orí ń yún un. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní epo àgbọn ló dára jù. Ó fi ìyẹn náà ra á, irun ń já síwájú sí i. Níkẹyìn ó da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìkòkò, ó fi oyin sí i, ó gbé e kaná. Nígbà tó fi máa fọ̀ ọ́ kúrò lórí, àárín orí ti pá. Ó wé gèlè, kò sì dé ilé ìyá rẹ̀ mọ́.

Ó tọ àwọn awo lọ. Wọ́n ní kí ó fi adìyẹ funfun, obì àti òrí rúbọ. Wọ́n ní ẹbọ nìkan kò tó: kí ó ṣí orí náà sílẹ̀, kí ó gbé e tọ ìyá rẹ̀ lọ. Ọwọ́ tó kọ́kọ́ mọ orí náà ni yóò po ohun tí yóò bá a mu.

Àwẹ̀ró rú ẹbọ. Lílọ ni kò lè lọ. Ọmọ kú mọ́ ọn lọ́wọ́, irun tún kú mọ́ ọn lórí. Èwo ni kí ìyá fọwọ́ kàn níbẹ̀? Ó ní kí irun hù díẹ̀ ná. Ìyá ránṣẹ́ pè é, Àwẹ̀ró ní ara òun kò yá. Ìyá tún ránṣẹ́, Àwẹ̀ró ní iṣẹ́ oko pọ̀.

Ọjọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ògúnrónkẹ́, gbé igbá kékeré wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Àwẹ̀ró, ìyá ti lọ," ni ó wí. "Ìyáálé rẹ ti sọ ti irun rẹ fún un tipẹ́. Ó po òrí mọ́ òróró ẹ̀gúsí, ó ní láti kékeré ni orí rẹ kò ti fẹ́ àdín. A ní ká gbé e wá fún ọ, ó kọ̀. Ó ní òun fẹ́ fi ọwọ́ òun ra á sí ọ lórí."

Àwẹ̀ró gba igbá òrí náà.

Ó ń fi òrí náà ra orí. Orí kò yún un. Irun hù, ó kún, ó rọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn obìnrin àdúgbò ń fọwọ́ kàn án, wọ́n ń yìn ín. Bí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan bá ti kàn án ni omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Kò jó, kò yọ̀. Ó kàn ń wí pé òótọ́ ni àwọn awo òun sọ. Ifá ní kí ẹni tó rúbọ má fi ìmọ̀ràn sílẹ̀: ẹbọ a máa dá ohun tó sọnù padà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni í jẹ́ kí ó bá ẹni tí a fẹ́ fi hàn láàyè.