Ẹ̀gà Tó Ń Kó Gẹ̀ẹ́sì Jọ

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi ti gbéra o.
— Kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ó bà lé Ẹ̀gà àti ìyá rẹ̀ arúgbó. Ojoojúmọ́ ni Ẹ̀gà ń kó Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá jọ lójú fèrèsé ilé ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá ní kó wá kọ́ oríkì ilé wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dáhùn pé, "Màámi, ẹ ní sùúrù, ó ku ọ̀rọ̀ díẹ̀."

Àìsàn wá dá ìyá dùbúlẹ̀. Ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ̀gà, kì mí kí n tó lọ.
— Kì wọ́n, ọmọ.

Ẹ̀gà lanu, Gẹ̀ẹ́sì ló jáde. Ó tún lanu, èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jáde.

Ìyá ní, "Ó dùn létí, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n àwọn tí mò ń lọ bá kò ní mọ̀ pé èmi ni."

Nígbà kẹta, ẹkún ni Ẹ̀gà sun. Ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara rẹ̀, ọmọ ń wí i tẹ̀lé e. Wọn ò tíì dé ìdajì tí ohùn ìyá fi dákẹ́.

Títí dòní ni Ẹ̀gà ń wá ìyókù kiri. Bí mo bá parọ́, ẹ lọ tẹ́tí sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀pẹ.