Ọkọ̀ Epo Ṣówándé

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín kú ìfaradà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí àárẹ̀ kì í mú, tí ó tún gbé àwa tí ó ti rẹ̀ dìde lónìí. Àwọn àgbà a máa wí pé, "Oje kì í di ojú epo mú." Ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá?

Ọ̀dọ̀ Ṣówándé ni. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó ti ń fi ọkọ̀ kó epo pupa kọjá ọ̀sà, igi ọkọ̀ náà sì ti mu epo yó. Nígbà tí ìdí ọkọ̀ là, òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú. Bí èbù iṣu òun àti ìyàwó rẹ̀ kò bá tètè dé oko wọn ní òdìkejì ọ̀sà, ebi ni yóò pa ilé wọn lọ́dún náà.

Ó lọ tọrọ oje igi tí wọ́n fi ń dí ọkọ̀ lọ́wọ́ Bàbá Ògúnnáìkè, arúgbó agbẹ́kọ̀. Bàbá bá a dé etí omi, ó kán omi díẹ̀ sára igi. Omi náà ń yí kiri bí ẹni pé orí ewé kókò ni ó wà.

"Epo ṣì wà níbẹ̀," ni Bàbá wí. "Fi omi gbígbóná àti eérú fọ̀ ọ́, fi ìkarahun ha á, kí o sá a sóòrùn. Ọjọ́ tí igi bá mu omi ni kí o tó gbé oje kaná."

"Bàbá, ẹ wo ọwọ́ mi. Àná ni mo ti ìrìn àjò dé. Ó ti rẹ̀ mí."

"Mo rí i pé ó rẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá wa sọ ìyẹn fún omi?"

Nígbà tí Bàbá lọ tán, Ṣówándé tún kán omi sí igi. Omi tún yí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún kúrò, ó sì da oje gbígbóná lé e. Oje náà ń dán gbinrin. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, oorun sì gbé e lọ.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó èbù sínú ọkọ̀. Ní agbedeméjì ọ̀sà, oje ṣí lódindi bí èépá ojú egbò, omi sì ru wọlé. Efúnwùmí, ìyàwó rẹ̀, ń fi igbá gbọ́n ọn, títí omi fi dé orúnkún. Ó dáwọ́ dúró, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Baba Ọláòtán, èbù ni àbí àwa?"

Obìnrin náà ni ó ń ju èbù sómi, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ń gbìn wọ́n.

Wọ́n padà gúnlẹ̀ láàyè. Bàbá kò bá a wí. Ìkarahun ni ó nà sí i. Ọjọ́ mẹ́rin ni Ṣówándé fi ha ọkọ̀ náà. Àárẹ̀ tí ó sá fún ti jókòó dè é, ó sì ti bí sí i. "Oje kì í di ojú epo mú," ni ó ń tẹnu mọ́, títí igi fi mu omi.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe náà nígbà tí ẹni méjì tó ń jà bá fẹ́ dì mọ́ra láìtíì sọ ohun tó wà nínú wọn, tàbí tí ènìyàn bá fẹ́ fi ìlérí tuntun bo ẹ̀ṣẹ̀ tí kò tíì jẹ́wọ́. Ẹ̀yin tí ó ti rẹ̀, tí ẹ sì ń ha igi síbẹ̀, Olúwa yóò fún yín lókun. Igi yín yóò mu omi. Ohun tí ẹ bá lẹ̀ kò ní ṣí mọ́ yín lọ́wọ́ lágbedeméjì ọ̀sà. Àmín.