Ohun Tó Bá Wà Nínú Àpótí Ni Kí O Tẹ̀

Ọkùnrin kan ń bẹ nígbà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ ìwé ìlànà fún ètò kọ̀ǹpútà kan. Ọ̀fẹ́ ni ètò náà, àwọn tó fẹ́ràn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló para pọ̀ ṣe é, ẹnikẹ́ni ló sì lè lò ó láti gé ohùn àti fídíò, láti lẹ̀ wọ́n pọ̀, tàbí láti fọ ariwo kúrò lára ohùn tó ti gbó. Kò ní àwòrán tí ènìyàn ń fọwọ́ kàn bíi ti fóònù. Àṣẹ ni ènìyàn ń tẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, á sì ṣe é lójú ẹsẹ̀ láìbéèrè ìdí.

Nítorí náà, ọkùnrin yìí fi òfin kan sí ojú ìwé kìíní. Gbogbo àṣẹ ni òun yóò máa kọ sínú àpótí kékeré aláwọ̀ eérú, kí òǹkàwé lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí àlàyé. Ó kọ ọ́ báyìí: "Ohun tó bá wà nínú àpótí ni kí o tẹ̀. Èyí tí kò bá sí nínú àpótí, kà á lásán." Òfin tó dára ni. Bí mo bá sọ pé kò dára, irọ́ ni mo pa.

Ó pa òfin náà mọ́ fún ọgbọ̀n ojú ìwé, lẹ́yìn náà ó rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó dé ibi tí ó ti ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣe ẹ̀dà ohùn kejì pamọ́ kí a tó fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́, ó kọ àṣẹ náà sáàárín gbólóhùn, kò fún un ní àpótí, nítorí pé ebi ń pa á. Ní ojú ìwé mẹ́ta sí i, ó rántí àṣẹ àtijọ́ kan tí ó máa ń pa ohùn lẹ́nu mọ́ pátápátá, tí kò sì ní ìdápadà. Ó fẹ́ kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn. Kí wọ́n lè tètè rí i, ó fi àṣẹ yìí náà sínú àpótí eérú, ó wá kọ ìkìlọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnìkan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pe àkíyèsí rẹ̀ sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó bá lójú yóò rí ìkìlọ̀.

Aránṣọ kan wà ní Ìsẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ohùn ìyá náà kan ṣoṣo tó kù, inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni wọ́n ti gbé e sínú kọ̀ǹpútà: ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá, tí ìyá fi ń ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì bí ó ti máa ń ṣe ní àràárọ̀ tí ó bá kúnlẹ̀ kí i. Kò tún sí ẹni tó ń pe aránṣọ náà ní oríkì yẹn láyé mọ́. Ohùn náà ń hó ṣùù bí òjò lórí páànù, aránṣọ náà sì fẹ́ fọ̀ ọ́ mọ́. Kò mọ kọ̀ǹpútà, nítorí náà ó gbọ́ràn sí ìwé náà lẹ́nu bí aláìsàn ṣe ń gbọ́ràn sí dókítà. Èyí tó wà nínú àpótí, ó tẹ̀ ẹ́. Èyí tí kò sí níbẹ̀, títí kan àṣẹ ẹ̀dà àti ìkìlọ̀, ó kà á lásán.

Ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà pẹ̀lú ohùn ọ̀hún. Ó kí i kú iṣẹ́. Ó ní ariwo ti lọ bí ìwé ṣe ṣèlérí, ṣùgbọ́n ìyá òun bá a lọ. Síbẹ̀ òun mọ̀ pé wọ́n ṣì wà nínú rẹ̀, nítorí pé gígùn ohùn náà kò dín, aago rẹ̀ ṣì ń kà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àpótí wo ló kù kí n tẹ̀ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀?"

Oòrùn wà láàárín ọ̀run nígbà tí ọkùnrin náà tan ohùn náà. Kò gbọ́ nǹkan kan, kò tilẹ̀ gbọ́ èémí. Ó gbójú sókè, ó rí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò rẹ̀ láti ojú fèrèsé, tó ń gbọ̀n, tó ń tú èéfín, kò sì gbọ́ ọ. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ètè rẹ̀ ń mì. Ọkùnrin náà pàtẹ́wọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ta á, kò gbọ́. Ó wo aago ohùn náà, ó ku ìṣẹ́jú méjì. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń làágùn, títí ó fi kà tán. Nígbà náà ni jẹnẹrétọ̀ bú sígbe, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń bi í pé kí ló dé tí òun ń pè é tí kò dáhùn.

Ó tún ojú ìwé méjèèjì ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti ṣe ẹ̀dà ìwé náà lọ sí ibi tí kò mọ̀. Lẹ́tà ń wọlé. Bàbá kan ní Ọ̀fà, igbe àkọ́kọ́ ọmọ rẹ̀ ni. Ìdílé kan ní Ìgbòho, ìsìn ìsìnkú olórí wọn ni, odindi wákàtí méjì. Gbogbo wọn ń kí i, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó gbọ́ ọ wò, bóyá díẹ̀ ṣì kù. Kò lè sọ pé rárá. Ó gbọ́ ti wákàtí méjì náà tán, ẹ̀rù ń bà á, kò sì sí ẹyẹ kan tó ké ní gbogbo àkókò náà.

Ó kọ̀wé sí aránṣọ náà, ó sọ òtítọ́ fún un pé ẹ̀bi òun ni, ìyá rẹ̀ kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Èsì rẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì. "Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, sà. Èmi ni mi ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Àràárọ̀ ni mo ń tún un tẹ̀ láti ojú ìwé kìíní."

Ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí, o sọ fún mi lánàá pé ibi méje ló kù tí o kò tíì fi àpótí sí nínú ìwé ìlànà tí ìwọ náà ń kọ, pé ẹni tó bá gbọ́n, yóò yé e. Inú bí mi. Ẹni tí kò gbà ọ́ gbọ́ yóò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, ìwé rẹ kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ẹni tó gba ojú ìwé kìíní rẹ gbọ́ ni wàá pa lára, kò sì ní bú ọ. Yóò máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ ni. Fa àga yẹn mọ́ra, jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi àkọ́kọ́ nínú méjèèje.