Tiransifọ́mà Tó Wúwo

Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa níbí. Kò tíì kú, nítorí náà n kò ní dárúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rédíò ni ó kọ́, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní àbúrò kan ṣoṣo, baálé ilé bíi tirẹ̀, tí ó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ̀gbọ́n yìí pinnu láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa gbé ohùn gìtá náà jáde.

Ó tú rédíò àtijọ́ tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ó yọ àwọn fáàfù rẹ̀, ìyẹn àwọn gíláàsì tí ó máa ń mọ́lẹ̀ nínú rédíò ayé ọjọ́un. Ohun gbogbo pé, ó ku tiransifọ́mà tí yóò wà láàárín fáàfù àti sípíkà. Iná tí ó ń ti ọ̀dọ̀ fáàfù bọ̀ le, ó lè pa ènìyàn. Sípíkà kò sì lè gbà á bẹ́ẹ̀. Tiransifọ́mà ni yóò gba líle yẹn sọ́dọ̀, tí yóò fún sípíkà ní ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká.

Ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má ra irú rẹ̀ láì fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wò ó. Ṣùgbọ́n o mọ̀ wá. Bí a bá fẹ́ ra nǹkan onírin, ọwọ́ ni a fi ń gbé e wò. Bí ó bá ti wúwo, a ti gbà pé ojúlówó ni. Ní ìsọ̀ tí ó lọ, ọ̀kan wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ọ̀dà dúdú, ó ń dán.

"Ẹ gbé e wò, ẹ̀gbọ́n," ni olùtajà wí. "Ṣé ohun tí kò ní láárí ló máa wúwo tó báyìí?"

Ó gbé e, ó sì rà á. Mítà wà nínú àpò rẹ̀ o! Kò tilẹ̀ yọ ọ́.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wá síbi ìdánrawò akọrin. Ojú mi ló ṣe. Ohùn gìtá jáde, ó dùn, a pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ tí fáàfù bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ẹyín iná, ohùn gìtá sì dákẹ́. Àbúrò rò pé wáyà sípíkà ló tú. Ó fi ọwọ́ òsì di okùn gìtá, tí í ṣe irin, mú, ó fi ọ̀tún kan wáyà.

Háà! Mo ti dàgbà, mo ti rí nǹkan, ṣùgbọ́n n kò rí irú rẹ̀ rí. Iná mú un, kò lè kígbe, kò lè jù ú sílẹ̀. Àdúrà tí mo ti ń gbà láti ogójì ọdún, n kò rántí ẹyọ kan. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ jóná, kò sì lè fi wọ́n tẹ okùn gìtá mọ́.

Ọ̀gá wá, ó tú tiransifọ́mà náà. Inú rẹ̀ ti jẹrà. Wáyà ìhà fáàfù àti ti ìhà sípíkà ti fara kanra, iná líle yẹn kàn gba inú rẹ̀ kọjá tààrà ni.

"Èyí tó wà nínú rédíò bàbá yín ńkọ́?" ni ọ̀gá béèrè. "Òun àti àwọn fáàfù yìí ti jọ ṣiṣẹ́ látọjọ́ tí wọ́n ti ṣe wọ́n."

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Kékeré ni, sà. Ó ti dípẹtà. Mo ti kó o fún àwọn oníkòńdẹ̀mù."



Akínwándé, ìwọ ni mo ń bá wí. Ìyàwó rẹ ti wà nílé àwọn òbí rẹ̀ láti oṣù tó kọjá, o sì sọ fún mi láàárọ̀ yìí pé káńsẹ́lọ̀ àdúgbò wa ni o fẹ́ rán sí àna rẹ, nítorí pé ènìyàn ńlá ni. Ẹnu yà mí. Ǹjẹ́ o mọ inú káńsẹ́lọ̀ náà? Ọ̀rọ̀ tí o bá fi ìbínú sọ fún un, ṣé yóò gbé e mì kí ó tó fi èyí tí etí lè gbà jíṣẹ́, àbí bó ṣe gbóná tó ni yóò lọ dà á sí wọn lára? Arábìnrin bàbá rẹ tó ṣe alárinà yín ṣì wà láàyè. Ó mọ ìbínú tìrẹ, ó mọ ẹkún tìyàwó rẹ. O ní ó ti darúgbó, aṣọ rẹ̀ ti ṣá.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá bàjẹ́, káńsẹ́lọ̀ kọ́ ni yóò jóná. Àwọn ọmọ rẹ méjèèjì ni, àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ kan dì ọ́ mú, tí wọ́n fi ìkejì di ìyá wọn mú. Dìde, lọ bẹ ìyá àgbà náà.