Àmì Pupa Lẹ́nu Ọ̀nà Òkété

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀ọ̀!"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, mi ò gbọ́ ohùn yín. Àlọ́ o!

"Àlọ̀ọ̀ọ̀!"

Ó dáa. Àlọ́ mi ń rọra bọ̀, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ó rìn títí, ó yà sí ilé Òkété. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ súnmọ́ mi. Ẹ̀yin onílé tẹ́ ẹ jókòó sórí àga, ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹ̀ ń tòògbé. Tiyín gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí gbogbo ẹranko ṣì ń gbé ìlú kan náà tí wọ́n sì ń kí ara wọn láàárọ̀, Òkété ní ilé kan ní ìdí igi iṣin. Ìyá rẹ̀ ló gbẹ́ ilé náà. Yàrá mẹ́fà ló ní, ẹnu ọ̀nà mẹ́ta. Orí ilẹ̀ gíga ló wà. Bí òjò bá rọ̀, tí omi ya wọ ilé Ehoro ní ìsàlẹ̀, gbígbẹ ni ti Òkété máa ń gbẹ.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Òkété bí ọmọ mẹ́rin sí yàrá tó wà nínú pátápátá. Ojú wọn kò tíì là. Ọkọ rẹ̀ ti kú sínú pàkúté. Òjò sì ti ń ṣú.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni alágbàtà ilé nílùú náà. Ẹ mọ irú wọn. Kò gbẹ́ ilé rí, kò rẹ́ ilé rí, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí wọ́n tà tí kò jẹ níbẹ̀. Apá ibi àpáta lòun fúnra rẹ̀ ń gbé, nínú ilé ńlá kan tí kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe di tirẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Òkété jáde láti gbálẹ̀. Ó rí àmì lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Osùn ni wọ́n fi fà á, ìlà méjì tó gba àárín ara wọn kọjá, pupa fòò. Ó yíjú sísàlẹ̀. Ó rí irú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ehoro. Kí ó tó bèèrè pé ta ló ṣe é, ó gbọ́ orin Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ bá mi gbè é:

Erin ń bọ̀ o, ẹ dìde!
*Wọ̀rọ̀kọ̀ wọ̀!*
Ọ̀nà ń bọ̀ o, ẹ kẹ́rù!
*Wọ̀rọ̀kọ̀ wọ̀!*
Ilé tó bá ní àmì pupa,
*Wọ̀rọ̀kọ̀ wọ̀!*
Ẹsẹ̀ Erin ni yóò tẹ̀ ẹ́ rẹ́!
*Wọ̀rọ̀kọ̀ wọ̀!*

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dé iwájú Òkété, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín ní kùtùkùtù, tí ẹ kò ṣe é lóore kankan, ẹ ṣọ́ ọ.

"Ìyá ọlọ́mọ, ẹ kú ewu ọmọ."

"Ìwọ ni, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀? Kí ni pupa tó wà lára ilé mi yìí?"

"Háà! Ẹ ò tíì gbọ́? Erin fẹ́ la ọ̀nà tuntun láti orí òkè dé odò. Gbogbo ilé tó bá ní àmì ni yóò wó. Ọjà ilé ti kú ládùúgbò yìí, ìyá. Ilé tó tó agbọ̀n ẹ̀pà mẹ́wàá lọ́dún tó kọjá, ká tó rí agbọ̀n kan gbà lórí ẹ̀ báyìí, iṣẹ́ ni. Ehoro ti ta tiẹ̀ lánàá. Agbọ̀n ẹ̀pà kan ló gbà, ó sì ń dúpẹ́."

"Ta ló rà á?"

"Oníbàárà mi kan ni."

"Ta ni oníbàárà ọ̀hún?"

"Nínú iṣẹ́ tiwa, ìyá, a kì í dárúkọ oníbàárà."

Òkété tẹjú mọ́ ọn. "Bí Erin bá máa wó ilé, kí ni oníbàárà rẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Àánú yín ló ń ṣe é," ló wí.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín, ilé yín kọ́. Òkété kò rẹ́rìn-ín.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fa ewé gbòdògì kan yọ lábẹ́ abíyá. "Ẹ sáà tẹ̀ka síbí. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀."

"Kí lo kọ?"

"Ohun tá a jọ sọ ni."

"A ò tíì jọ sọ nǹkan kan."

"Ohun tá a máa jọ sọ ni, ìyá."

"Gbé ewé rẹ lọ. Màá rò ó."

"Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni òpin o! Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó máa fi èèpo ẹ̀pà rà á lọ́wọ́ yín."

Òkété wọlé, ó jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, mi ò ní purọ́ fún yín. Níbo ni yóò kó ọmọ mẹ́rin tí kò ríran lọ nínú òjò? Bó bá dúró, tí ẹsẹ̀ Erin dé ńkọ́? Bó bá lọ, inú igbó wo ni kò ní ejò? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde kó pe Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ padà. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Erin kì í bèèrè àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibi tó bá wù ú ló ń gbà. Láti ìgbà wo ló ti ń fi osùn sàmì sílẹ̀ kó tó kọjá?

Ní ọjọ́ kejì, ó ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Òòrẹ̀ dé. Òòrẹ̀ kò kọ́kọ́ kí i. Ó ń fi ẹsẹ̀ wọn iwájú ilé, ó ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta.

"Kí lò ń wá?" Òkété bi í.

"Ẹ káàárọ̀ o, ìyá. Ẹ̀yin ni ayálégbé tí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní ẹ máa kó jáde lọ́jọ́ ọjà?"

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Òkété. "Ayálégbé ta?"

"Ayálégbé mi ni. Mo ti ra ilé yìí. Gbogbo iṣu oko mi ọdún yìí ni mo kó fún un. Mo kàn ní kí n wá wo ibi tí màá tẹ́ ẹní mi sí ni."

"Òòrẹ̀, gbọ́ mi. Ìyá mi ló gbẹ́ ilé yìí. Inú ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Mi ò ta á fún ẹnì kankan."

Ẹ̀gún ara Òòrẹ̀ dìde ṣáṣá. "Ìyá, ẹ má fi mí ṣeré o! Ó ní ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ayálégbé olóríkunkun ni yín. Ó ní tí mo bá wá, kí n má tiẹ̀ bá yín sọ̀rọ̀ rárá."

"Ó kọ̀ láti dárúkọ rẹ fún èmi náà. Kí ló sọ fún ọ nípa ọ̀nà?"

"Ọ̀nà Erin kẹ̀? Òun ló jẹ́ kí n sáré rà á! Ó ní ọ̀nà náà máa gba iwájú ilé kọjá, èrò á máa wọ́ lọ wọ́ bọ̀, ilé á di ọ̀wọ́n gógó."

"Èmi, ó ní ọ̀nà náà máa gba orí ilé kọjá."

Wọ́n wo ara wọn. Òòrẹ̀ rọra jókòó sílẹ̀. Ó jókòó lé ẹ̀gún ara rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀.

"Iṣu mi," ló ń wí. "Yéè, iṣu mi."

"Dìde. Ẹnu Erin la ó ti gbọ́ ọ."

Òkété fi yẹ̀pẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹnikẹ́ni má bàa wọlé tọ ọmọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì mú ọ̀nà odò pọ̀n. Wọ́n bá Erin níbi tó ti ń da omi sára. Òkété kúnlẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀.

"Ọ̀nà wo?" Erin jágbe. "Ibi tí mo bá fẹsẹ̀ gbà, òun ni ọ̀nà. Èmi ni mo wá ń fi osùn kun ilé onílé? Ta ló ń fi orúkọ mi jẹun nílùú? Ẹ fi ilé ẹ̀ hàn mí, kí n lọ tẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀!"

"Bàbá, ẹ má tẹ̀ ẹ́," Òkété wí. "Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pa, ta ló máa dá ilé Ehoro padà? Ta ló máa san iṣu Òòrẹ̀? Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Lọ́la, ẹ gba iwájú ilé Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kọjá. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ wo ilé náà dáadáa. Kí ẹ máa bá tiyín lọ."

"Mi ò ní purọ́ fún un o."

"Ẹ má sọ nǹkan kan ni mo wí, bàbá."

Erin rẹ́rìn-ín títí omi fi ta sí Òòrẹ̀ lójú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ kọ orin rẹ̀ ní òdìkejì ìlú. Òkété bu díẹ̀ nínú osùn tó fi ń pa ọmọ lára. Ó lọ sí apá ibi àpáta, ó fa ìlà kan sẹ́nu ọ̀nà Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ó fa èkejì gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó padà sílé, ó ń fún ọmọ lọ́mú.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dé. Ó rí àmì. Ó dúró gbọnin. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

"Mi ò kọ èyí," ló wí. "Àbí mo kọ ọ́? Rárá o, mi ò kọ ọ́. Ta ló wá kọ ọ́?"

Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ni ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Gìrì. Gìrì. Gìrì. Erin ló yọ yẹn. Erin dúró níwájú ilé. Ó wò ó láti òkè délẹ̀. Ó yí orí, ó wo ìhà ọ̀tún, ó wo ìhà òsì. Ó mí èémí bàǹtàbanta kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ káwọ́ lérí. "Mo gbé! Irọ́ mi ti dé etí Erin, ó sì wù ú! Ọ̀nà ti ń bọ̀ lóòótọ́!"

Òòrẹ̀ ń kọjá lọ, bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

"Òòrẹ̀! Ọ̀rẹ́ mi àtàtà! Ilé Òkété yẹn kò bá ọ mu mọ́. Gba tèmi yìí dípò ẹ̀. Iṣu tí o kó wá ti tó, mi ò ní gba nǹkan kan lé e."

"Tìẹ kẹ̀? Àmì wà lára ẹ̀."

"Àmì oríire ni! Ọ̀nà máa gba iwájú ẹ̀."

"Ṣé iwájú ẹ̀ ni àbí orí ẹ̀?"

"Iwájú! Iwájú! Kó wọlé lónìí."

"Mi ò ní kó wọ ibì kankan láìsí ẹlẹ́rìí. Lọ pe gbogbo àwọn tí ẹ jọ pààlà. Ká rìn yí ilẹ̀ náà po lójú wọn, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ pé o ti yọwọ́."

Ẹ ò rí nǹkan! Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà rí ojú ara wọn, òun ló sáré lọ pe aládùúgbò. Wọ́n ń rìn yí ilẹ̀ po, ó ń tì wọ́n lẹ́yìn pé kí wọ́n yára. Wọ́n ní kó sọ ọ́, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta: "Mo yọwọ́! Mo yọwọ́! Mo yọwọ́!" Ó tẹ̀ka sí ewé. Ó tilẹ̀ fi ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú.

Ó fò sọ̀dọ̀ Ehoro. Abẹ́ igbó ṣúúrú kan ló bá òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, òjò òru àná ti rin wọ́n gbindin. Àwọn aládùúgbò ń sá tẹ̀ lé e, wọ́n fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí.

"Ehoro, gba ilé rẹ padà! Dá ẹ̀pà mi padà!"

"Àwọn ọmọ ti jẹ ẹ́ tán."

"Kí ló kù?"

"Agbọ̀n."

"Gbé e wá!"

Ó gba agbọ̀n òfìfo. Ó ju ewé tí Ehoro tẹ̀ka sí sílẹ̀, Ehoro sì fà á ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ lójú gbogbo wọn. Bí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ṣe ń sáré lọ, ó gba iwájú Òkété.

"Ìyá, mo ti jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ilé yín o!"

"Ọjọ́ ọjà ńkọ́?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́!"

Ó gun orí òkè lọ. Ó dé agbọ̀n sórí, ó ń retí kí ilé máa wó. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ilé kankan kò wó. Lọ́jọ́ karùn-ún, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó tọ Erin lọ.

"Bàbá, ìgbà wo ni ọ̀nà ń bẹ̀rẹ̀?"

"Ọ̀nà wo?"

"Èyí tí ẹ torí ẹ̀ wá wo ilé mi."

"Mo wo ilé. Wọ́n ti fòfin de ilé wíwò ni? Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, jọ̀ọ́, ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ la ọ̀nà?"

Ṣé yóò ní òun ni? Ó fi ẹ̀yìn rìn kúrò níwájú Erin, ó sì sáré délé. Òòrẹ̀ ló bá lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ẹ̀gún dúró.

"Ilé mi nìyí," Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wí. "Àwàdà ni mo ṣe."

"Ẹ̀yin aládùúgbò," Òòrẹ̀ ké, "ṣé àwàdà ló ṣe?"

"A ò gbọ́ àwàdà," ni wọ́n wí. "'Mo yọwọ́' la gbọ́."

Láti ọjọ́ náà ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò ti ní ilé. Ó ń rìn wọ́kọwọ̀kọ yí ilé onílé ká, ó ń yọjú wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ máa ń rò pé adìyẹ nìkan ló ń wá.

Òkété ńkọ́? Nínú òjò ọlọ́jọ́ mẹ́rin yẹn gan-an ni ojú àwọn ọmọ rẹ̀ là, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Yàrá gbẹ. Ibi tí ìyá ìyá wọn gbẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ rí láyé.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ẹ̀yin onílé, bí ẹnì kan bá gbé ìròyìn ilé yín wá bá yín, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ohun tí òun máa rí níbẹ̀. Bó bá ní ọjà ti kú, tó sì ń kán yín lójú pé kí ẹ tà, ẹ lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó dárúkọ. Má tẹ̀ka sí ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé. Jẹ́ kí ọmọ tìrẹ kà á fún ọ, kí ọmọ ẹlòmíràn tún un kà. Ẹni tó bá sì ní kí o má rí ojú ẹni tó fẹ́ rà á, lé e jáde, ì báà dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ẹ bá rò pé mo bù mọ́ ọn, ẹ lọ bi Òòrẹ̀. Ẹ má kàn súnmọ́ ọn jù.